Omi Ló Dànù, Agbè Ò Fọ́: Ẹ Ka Orí Kí Ẹ Tó Ka Páànù

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, ohun kan náà ni ojú mi ń rí. Ìjì á jà ní ìlú kan, òrùlé á ṣí, kí ilẹ̀ tó mọ́, àwòrán ilé náà á ti dé orí fóònù gbogbo ọmọ ilé, láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù. Ẹkún á wá bẹ̀rẹ̀. "Háà, ilé baba wa!" "Páànù mélòó ló lọ?" "Káfíńtà wo ló kàn án?" "Èló ni wọ́n ń ta pákó báyìí?" Ẹ óò ka ọ̀rọ̀ yẹn títí, ẹ lè má rí ẹnì kan ṣoṣo tó béèrè pé: ta ló sùn nínú ilé lóru ọjọ́ náà, ṣé wọ́n jáde, ṣé wọ́n ti rí nǹkan jẹ? Inú ń bí mi sí i, ó sì ń dùn mí pẹ̀lú, torí pé ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà fi lélẹ̀ fún irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sọ: omi ló dànù, agbè ò fọ́.

Ẹni tó bá ti pọnmi odò rí mọ bó ṣe rí: ẹsẹ̀ kọ, omi lọ, agbè ṣì wà lọ́wọ́, odò ò sì sá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí ẹni tí àwọn àgbà ń sọ ọ́ fún. Obìnrin tó rọbí, tí ọmọ kò yè, tí òun fúnra rẹ̀ yọ lọ́wọ́ ikú, òun ni wọ́n máa ń yí ká. Wọ́n á ní kó nu ojú rẹ̀, omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ọmọ ni wọ́n pè ní omi níbẹ̀ o! Ọmọ tí wọ́n ti ń retí, tí wọ́n ti ń ronú orúkọ tí wọ́n máa sọ ọ́. Bí àwọn ìyá wa bá lè rí ìdí ọpẹ́ nínú irú àdánù yẹn, nítorí pé ìyá ọmọ ṣì ń mí, kí wá ni páànù? Kí ni igi òrùlé? Kí ni àjà tó já?

Ẹ má gbọ́ mi ṣì. N kò sọ pé kí èèyàn má bara jẹ́ bí ìjì bá ba ibi tó fẹ́ràn jẹ́. Àwọn ibì kan wà tí wọ́n ń gbé inú èèyàn títí ọjọ́ ayé. Àwọn ará Àgbádárìgì mọ ohun tí mò ń wí. Igi ńlá kan wà lọ́dọ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní Agia, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ìyìn rere ní 1842. Ó dúró síbẹ̀ láti ìran dé ìran, kí ìjì tó wó o ní 1959. Wọ́n mọ ohun ìrántí síbẹ̀, àwọn àlejò ṣì ń lọ wò ó títí dòní. Ta ló máa ní kí wọ́n má dárò igi? Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lábẹ́ igi náà kò bá igi wó. Èèyàn ló gbọ́ ọ, èèyàn ló sì gbé e lọ sí Abẹ́òkúta àti ibi gbogbo tó dé lẹ́yìn náà. Ká dárò ibi tó bàjẹ́, ó tọ́. Ká dárò rẹ̀ débi tí a ò fi rí àwọn èèyàn tó dúró sínú àwókù náà, ìyẹn ni mo ń bá wí.

Ilé tó fà á tí mo fi ń sọ̀rọ̀ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá bàbá wa ló kọ́ ọ, owó Gánà ló sì fi kọ́ ọ, bí ọ̀pọ̀ ilé ìgbà náà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀fà àti ní Ṣakí. Àwọn tiwa ń ná ọjà Kùmásì, wọ́n ń ná Tàmálè, wọ́n ń ta aṣọ àti wórówóró, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sílé díẹ̀díẹ̀. Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàárín, yàrá lọ́tùn-ún lósì, sàréè Bàbá lẹ́yìn ilé níbi tí àwa ọmọdé ti máa ń jókòó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun. Mo fẹ́ràn ilé yẹn. Bí mo bá dijú báyìí, mo mọ ibi tí ilẹ̀ ti là nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ilẹ̀kùn tí kì í padé dáadáa.

Ohun tó sọ ọ́ di ilé fún wa gan-an ṣẹlẹ̀ ní 1969. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún náà, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Ẹ wo àwọn tó ti bímọ síbẹ̀, tí ọmọ wọn ti bímọ, tí wọ́n ń sọ èdè ibẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń sọ Yorùbá lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ọjà kò ṣe é tà tán, gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n kò ṣe é sìn, ilé kò ṣe é gbé rù. Lọ́ọ̀rì ló kó wọn gba Tógò àti Dàhòmì (orílẹ̀-èdè Benin òde òní) kọjá. Àwọn tiwa wà lára wọn.

Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ fún wa nìyí. Ìyá bàbá wa ti wálé ṣáájú, òun ló dúró sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí lọ́ọ̀rì dé. Kò béèrè àpótí. Kò béèrè aṣọ títà tí wọ́n fi sílẹ̀ ní Kùmásì, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ tirẹ̀ ló fi kó lára owó aṣọ náà jọ. Orúkọ ló ń pè. Ó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá dáhùn á kọjá wọlé. Ìgbà tí ẹni tó kẹ́yìn dáhùn ló tó kúnlẹ̀, tó forí kan ilẹ̀, tó ní, "Omi ló dànù." Wọn kò jẹ́ kó parí rẹ̀, gbogbo ilé ló bá a dáhùn. Lẹ́yìn náà ló ro àmàlà láfún fún àwọn tó ti pẹ́ tí wọ́n ti jẹun gidi kẹ́yìn. Fún ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi ń sùn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ẹní kan ń ti ẹní kejì, wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ ayé wọn ní ìpìlẹ̀. Àwọn kan lára wọn di oníṣòwò ńlá lẹ́yìn náà. Àwọn ọmọ wọn ló ń sunkún páànù lónìí.

Òrùlé ilé yẹn ni ìjì ṣí nígbà òjò àkọ́rọ̀ tó kọjá. Apá ìlà-oòrùn ló lọ pátápátá. Páànù kan dé orí igi máńgòrò ilé kejì, òmíràn wé mọ́ wáyà iná, fọ́tò ará Gánà wọ̀nyẹn bọ́ lára ògiri, omi sì wọ inú gíláàsì wọn. Ìyá Àgbà wà nínú ilé. Ìyàwó ilé wa kan, opó àbúrò bàbá mi, ló ń tọ́jú wọn, pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké tó ń ti ọ̀dọ̀ wọn lọ sílé ìwé.

Ìyàwó ilé yìí ló gbọ́ bí igi òrùlé ṣe ń ké. Kò dúró mú ohun kan. Ó di etí ẹní Ìyá mú, tẹ̀ńtẹ̀ Ìyá lórí rẹ̀, ó fà á láti inú yàrá dé igun ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ògiri méjì ti pàdé. Ó da báàfù onírin tí wọ́n fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ bo Ìyá lórí, ó kó àwọn ọmọ sábẹ́ ara rẹ̀, ó sì ń pe orúkọ Ọlọ́run. Pákó kan já, ó sì ba báàfù yẹn. Ìyá ní òun rò pé ìbọn ni. Nígbà tí mo délé, mo fọwọ́ kan ojú ibi tó bà. Ó wọnú, àtẹ́lẹwọ́ mi wọ ibẹ̀ dáadáa. Èmi tí mo dúró síbẹ̀, n kò lè sọ̀rọ̀. Orí Ìyá ni pákó yẹn ń bọ̀ wá bà.

Kí ni àwọn ọmọ ilé wá ń sọ lórí fóònù? Ẹ̀gbọ́n kan fẹ́ mọ ẹni tó gbowó òrùlé tí a ṣe kẹ́yìn àti iye tó ná. Àbúrò kan ní òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ilé alámọ̀ kò dáa. Ẹlòmíràn ní ó ti tó àkókò láti ta ilé náà kí oníkálukú gba ìpín tirẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ báyìí nígbà tí aṣọ Ìyá Àgbà kò tíì gbẹ! Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n gbé fóònù sétí Ìyá kí òun gbọ́ ohùn wọn. Kò sẹ́ni tó dárúkọ obìnrin tó da báàfù bò wọ́n lórí, àfi ẹnì kan tó béèrè ìdí tí kò fi tètè kó àwọn fọ́tò.

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Houston ló dùn mí jù, torí pé òun ló yẹ kó mọ̀ jùlọ. Oṣù kẹjọ 2017, nígbà tí ìjì Harvey da òjò sórí ìlú yẹn fún ọjọ́ mélòó kan, tí ọ̀nà di odò, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èèyàn láti orí òrùlé, ìyá yìí kan náà kò sùn. Wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn pe Amẹ́ríkà. Nígbà tó gbé e, ohun tí wọ́n béèrè ni pé, "Ìwọ dà? Ìyàwó rẹ dà? Àwọn ọmọ mi dà?" Ìgbà tó dá wọn lóhùn pé gbogbo wọn wà ní ilé ọ̀rẹ́ kan lórí òkè, Ìyá bú sẹ́kún ọpẹ́. Mọ́tò rẹ̀ rì sínú omi, àga rẹ̀ bàjẹ́, kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rà, Ìyá kò béèrè ọ̀kan nínú wọn títí dòní olónìí. Ọmọ kan náà ló wá kọ́kọ́ béèrè pé páànù mélòó ló lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, mo bọ̀wọ̀ fún yín, mo sì mọ̀ pé ẹ óò fi owó ránṣẹ́, ẹ kì í ṣe ahun. Ṣùgbọ́n ẹ kò ṣe é bí wọ́n ṣe ṣe é fún yín.

Àwọn kan wà tí agbè tiwọn fọ́ ní ti gidi. Ìbàdàn mọ̀ wọ́n. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó gbé ilé, ó sì gbé èèyàn lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwọn tó fojú rí i kò gbàgbé rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, omi tún ya wọ ìlú kan náà, ó já afárá, àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹ má lọ dúró níwájú ẹni tó sin ọmọ àti aya lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ máa pa òwe agbè fún un. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ dákẹ́. Ẹnu ẹni tí tirẹ̀ kù ni òwe yìí ti dùn, àwa tí tiwa sì kù la kọ̀ tí a ò sọ ọ́. Ó yẹ kí ojú tì wá lójú àwọn ará Ìbàdàn wọ̀nyẹn. Ẹni tí òkú ilé rẹ̀ bá omi lọ ní 2011 ì bá fi gbogbo páànù Nàìjíríà sílẹ̀ kó lè gbọ́ ohùn ẹnì kan tó ń ké pe òun láti inú àwókù.

Mo tún rí àwọn tó ń yára sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe rere ni, àkókò rẹ̀ ni kò tíì tó. Ẹwà kì í bù sí ilé tí àwọn tó kù nínú rẹ̀ ń wo ara wọn níwòkuwò.

Òwe tí mo rò pé ó yẹ wá báyìí le ju ìyẹn lọ: ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ìjì kó páànù wa lọ. Àwa náà wá kó ti obìnrin yìí lọ. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń bá Ìyá gbé. Òun ló ń gbé wọn lọ wẹ̀, òun ló ń gún ẹ̀fọ́ fún wọn torí eyín, òun ló mọ oògùn òwúrọ̀ yàtọ̀ sí ti alẹ́. A ń pè é ní "ìyàwó" bí ẹni pé àlejò ni. Nígbà tí a bá ń pín iṣẹ́ ọdún, a kì í béèrè èrò rẹ̀. Bí owó oúnjẹ Ìyá bá pẹ́ dé, láfún tirẹ̀ ló fi ń dí i. Ní òru tí ìjì jà, àwa ọmọ bíbí inú ilé wà lórí bẹ́ẹ̀dì wa. Òun ló wà lábẹ́ igi tó ń já. Bí kò bá sí tirẹ̀ ni, ìsìnkú la bá máa dáwó sí lóṣù yẹn, aṣọ ẹbí la bá máa yàn, gbogbo yín ì bá sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù wá. Ẹ rí owó ìsìnkú, ẹ ò rí ẹnu dúpẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi òwe agbè bo ọ̀lẹ mọ́lẹ̀. Omi dànù kò túmọ̀ sí pé ká jókòó sábẹ́ ilé tó ṣí. Káfíńtà tó wá wò ó fi ibi tí ikán ti jẹ igi òrùlé hàn mí, igi náà ń fọ́ lábẹ́ ìka. Ìṣó lásán ni wọ́n fi kan àwọn páànù kan, kì í ṣe ìṣó páànù olórí fẹ̀ tó ní rọ́bà. Wọn kò sì so igi tó wà lórí ògiri mọ́ ògiri. Ìlà-oòrùn ni ìjì òjò ilẹ̀ wa ti sábà máa ń rọ́ wá. Bí ó bá dé, á gba abẹ́ etí òrùlé wọlé, á máa tì í sókè láti inú, afẹ́fẹ́ tó ń sáré kọjá lórí rẹ̀ á sì máa fà á láti òkè. Òrùlé tí a kò dè mọ́ ògiri yóò lọ dandan. Àwọn igi tó máa ń gba ìjì sára fún wa lápá ibẹ̀, a ti gé wọn nígbà tí a fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Nítorí náà, ẹ dáwó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lo irin dè é mọ́ ògiri, kí wọ́n fi oògùn ikán pa igi, kí wọ́n tún gbin igi sí ìlà-oòrùn ilé. Ẹni tó dúpẹ́ pé Ìyá yè kò ní jẹ́ kí òjò tó ń bọ̀ bá wọn lábẹ́ tapólì.

Ṣùgbọ́n kí owó yẹn má ṣíwájú ẹsẹ̀ yín. Ẹ lọ sílé. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn àti Ìlọrin, ẹ kò ní àwáwí kankan, ọ̀nà kò jìn. Ẹ ra aṣọ dáadáa fún ìyàwó ilé náà, ẹ dọ̀bálẹ̀ fún un bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ jù ú lọ, ẹ kúnlẹ̀, ẹ pè é ní ìyá. Ẹ jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wọ inú ìpàdé ẹbí, kó jókòó síbẹ̀, kó sọ̀rọ̀, ká gbọ́. Ẹ tọ́jú owó ilé ìwé àwọn ọmọ tó fi ara rẹ̀ bò lóru yẹn. Ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ, kí wọ́n rí báàfù yẹn, kí wọ́n mọ ẹni tí Ìyá Àgbà jẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè láti bá wọn ṣeré. Àwọn ọmọ kan wà nínú ilé wa tó jẹ́ pé inú fóònù nìkan ni wọ́n ti mọ ojú Ìyá. Ìtìjú ni.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ta ilé, mo fi yín sílẹ̀ títí di ìgbẹ̀yìn torí inú mi ò tíì rọ̀ sí yín. Ilé tó gba ará Gánà ní 1969, tí kò dá ẹnì kan padà, ẹ fẹ́ pín in nítorí pé ìjì fẹ́ lù ú lẹ́ẹ̀kan. Ó dáa. Ẹ kọ́kọ́ sọ ibi tí Ìyá máa sùn. Ẹ sọ yàrá tí ẹ ti pèsè fún ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ yẹn, ní ilé èwo, ní àdúgbò wo. Ẹ má sì sọ ọ́ lórí fóònù. Ẹ wọkọ̀ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ yọ bàtà yín sẹ́nu ọ̀nà, ẹ jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbà, kí ẹ sọ ọ́ lójú wọn.